Nọ́ọ̀sì Tó Lè Sọ Pé "Ẹ Dúró Ná"

Ẹni tó bá lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, ibi tí ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ ni orí irin tí wọ́n gbé omi kọ́. Bí omi bá ti ń kán díẹ̀díẹ̀, ọkàn ará ilé a balẹ̀ pé ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Wọn a máa bi nọ́ọ̀sì pé ó ku omi mélòó, ìgbà wo ni èyí máa tán, ṣé wọ́n ti fi oògùn sí i. Ẹni tí yóò tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ aláìsàn, níbi tí kánnúlà, rọ́bà oníke tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà dé inú iṣan, gbà wọlé, kò wọ́pọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Awọ ara ni ògiri wa, kánnúlà sì ni ẹnu tí àwa fúnra wa là sí i nítorí oore tó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ fún abiyamọ tó pàdánù ẹ̀jẹ̀ níbi ìkúnlẹ̀, oògùn fún ọmọ tí ibà ti gbé dé bèbè ikú, omi fún ẹni tí àrùn onígbáméjì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, ó lè tó 70 tí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ máa wọ iṣan wọn kí wọ́n tó padà sílé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni àjọ náà gbé ìlànà àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè dènà àkóràn tó ń ti ibẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìlànà náà, àwọn nọ́ọ̀sì wa ti mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n. Ohun tó wọ́n ni kí gbogbo ohun èlò wà nítòsí lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀, àti kí nọ́ọ̀sì ní ẹnu láti dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọ̀gá dókítà, bá fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kan.

Ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Èkíní ni awọ ara. Kòkòrò àìfojúrí bíi Staphylococcus ń gbé lára gbogbo wa láìṣe wá ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá la awọ kọjá ni wọ́n ń rí ọ̀nà tẹ̀ lé ara kánnúlà wọ inú iṣan. Ìkejì ni ẹnu kánnúlà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ń so rọ́bà omi mọ́, tí wọ́n sì ń gba ibẹ̀ fún oògùn. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kan ibẹ̀ ni kòkòrò ń rí àyè. Ìkẹta ni omi tàbí oògùn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, bí ó bá ti bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ tàbí níbi tí wọ́n ti pò ó. Ìkẹrin kò wọ́pọ̀ tó ìyókù: kòkòrò tó ti wà níbòmíràn nínú ara, bóyá nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú ìtọ̀, á gba inú ẹ̀jẹ̀ wá fara mọ́ ike náà.

Bí wọ́n bá ti fara mọ́ ike, wọn a yọ nǹkan kan bí ikun, wọn a fi bo ara wọn. Oògùn apakòkòrò kì í sábà ríbi wọ inú ikun náà dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, yíyọ kánnúlà kúrò ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwòsàn.

Rọ́bà gígùn tí wọ́n ń kì bọ iṣan ńlá ọrùn, àyà tàbí itan ló léwu jù bí a bá ń ka ewu ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kánnúlà ẹ̀yìn ọwọ́ ló pọ̀ jù lọ ní wọ́ọ̀dù, a kò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tún yàtọ̀. Awọ wọn fẹ́lẹ́, agbára tí ara wọn fi ń bá àrùn jà kò tíì gbó, kòkòrò Klebsiella sì wà lára àwọn tó ń pa ọmọ tuntun jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Oore tó mú ewu dání

Ní ọdún 1832, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ará Scotland, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Latta ní ìlú Leith gbìyànjú ohun tí ẹnu ń yà wọ́n sí: ó fa omi iyọ̀ sínú iṣan àwọn tí àrùn ti sọ di bí òkú. Àwọn mìíràn lára wọn dìde jókòó. Wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò tí ojú kò rí ló ń fa irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, ní 1847, Ignaz Semmelweis ní Vienna pàṣẹ kí àwọn dókítà fi omi oníkílórínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà. Inú ń bí wọn pé ẹnì kan lè sọ pé ọwọ́ dókítà ló ń pa aláìsàn.

Abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n ń lò fún ìgbà pípẹ́. Bí aláìsàn bá yíra padà, irin a gún iṣan jáde. Ní 1950, David Massa ní Mayo Clinic, ní Rochester ti Minnesota, ṣe èyí tó ní ike lára, kí wọ́n lè fa irin yọ kí ike sì kù sínú iṣan. Ìrọ̀rùn dé, ó sì di ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ìrọ̀rùn aláìsàn ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ààyè tí kòkòrò ní láti tẹ́dìí pọ̀ sí i.

Láàárín 1970 sí 1971, àwọn aláìsàn 378 ní ọsibítù 25 ní Amẹ́ríkà ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dé orísun, inú ohun tuntun tí ilé iṣẹ́ kan fi tẹ́ abẹ́ ìdérí ìgò omi ni kòkòrò náà ń gbé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì gbó. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wo omi kó tó so ó kọ́, bóyá ó ṣú, bóyá ó ń jò, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kó sì tún mọ̀ pé omi tí kòkòrò ti wọ̀ lè mọ́ gaara lójú. Nítorí náà, bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n láìpẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, kí wọ́n dá omi náà dúró, kí wọ́n tọ́jú ìgò àti rọ́bà rẹ̀ pamọ́ fún àyẹ̀wò. Jíjù ú sí pàǹtí ni kí wọ́n má ṣe.

Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé

Iṣẹ́ rere bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń kó ohun èlò jọ. Bí kò bá kó gbogbo rẹ̀ sórí àwo kan, àárín iṣẹ́ ni yóò rántí pé kò sí owú, ọwọ́ tó ti fọ̀ ni yóò sì fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọṣẹ àti omi gba 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọwọ́ kò bá dọ̀tí lójú, ọtí ìfọwọ́ gba 20 sí 30. Ìbọ̀wọ́ kò dí ipò ọwọ́ fífọ̀, torí ọwọ́ tó dọ̀tí ni yóò ba ìbọ̀wọ́ jẹ́ nígbà tí a bá ń wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni awọ. Chlorhexidine tí wọ́n pò mọ́ ọtí ló dára jù. Bí kò bá sí, ọtí ìpakòkòrò nìkan tàbí áyódíìnì wà. Ohun tí ìkánjú máa ń bà jẹ́ níbí ni gbígbẹ. Àsìkò tí oògùn náà fi ń gbẹ ni ó fi ń pa kòkòrò, ẹni tó bá sì fi ẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ ti fi kòkòrò ẹnu rọ́pò ti awọ. Bí ó bá ti gbẹ, ìka kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ láti wá iṣan mọ́. A mọ àwọn tó ń gé orí ìka ìbọ̀wọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí iṣan wà. Ìka tí wọ́n yọ síta náà ni yóò kan ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Stephen Rowley, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tí wọ́n ń pè ní ANTT, ó sì ti tàn káàkiri. Kókó rẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ mọ àwọn ibi tí kòkòrò bá débẹ̀ yóò dé inú ẹ̀jẹ̀: ṣóńṣó abẹ́rẹ́, ẹnu síríńjì, ẹnu kánnúlà, ojú awọ tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ibi wọ̀nyí ni ọwọ́ kì í kàn. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní máa bẹ̀rù gbogbo nǹkan, yóò mọ ibi tí yóò ti ṣọ́ra.

Bí kánnúlà bá ti jókòó, kí wọ́n fi ohun tó mọ́ bò ó, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Ohun tó ń hàn gaara ló dára, kí ojú lè máa rí abẹ́ rẹ̀. Àwọn plásítà tí a ń gé sílẹ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì tàbí mọ́ aṣọ iṣẹ́ títí a ó fi ṣe tán ti kó ohun tó wà níbẹ̀ dání kí wọ́n tó dé ara aláìsàn.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta

Ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ń tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni kánnúlà fi ń bàjẹ́. Gbogbo ìgbà tí oògùn bá fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kí wọ́n fi owú tàbí aṣọ ọlọ́tí ha ẹnu náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Ìdérí rẹ̀ tó bá jábọ́ sílẹ̀ ti parí iṣẹ́, tuntun ni kí wọ́n mú. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa, wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ sí orí ìgò omi kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí omi sì yára. Afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba ojú abẹ́rẹ́ yẹn wọ omi. Bákan náà ni ìgò oògùn tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń pín lò, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n fọ orí rẹ̀, kí wọ́n sì lo abẹ́rẹ́ àti síríńjì tuntun.

Rọ́bà tí omi lásán ń gbà, kò sí ìdí láti máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́: wákàtí 96 sí ọjọ́ méje ni ìlànà fàyè gbà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí oúnjẹ olọ́ràá gbà kọjá kì í ju wákàtí 24 lọ, nítorí pé oúnjẹ kòkòrò ni àwọn wọ̀nyẹn.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí wọ́n yọ kánnúlà ọwọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 72 sí 96 ni òfin. Ní 2012, Claire Rickard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 3,000: ẹni tí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹta àti ẹni tí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí àmì fi yọ, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì. Ọ̀pọ̀ ibi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní 2021, àwọn olùwádìí ní ọsibítù yunifásítì Geneva ròyìn pé nígbà tí wọ́n dẹ́kun pípààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, ìgbà tí wọ́n padà sí ètò àtijọ́ ló rọlẹ̀.

Bí mo ṣe kà á nìyí: "fi í sílẹ̀ títí àmì yóò fi yọ" jẹ́ ìlànà rere níbi tí ojú bá wà tó ń wò ó. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú wọ́ọ̀dù kan lóru, tí kò rí àyè ṣí aṣọ wò, àmì lè yọ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àwọn àmì náà kò ṣòro: ìrora, pípọ́n, wíwú, iṣan tó le bí okùn, ọyún. Andrew Jackson ní Rotherham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tò wọ́n sí ìwọ̀n 0 dé 5 ní 1998, kí nọ́ọ̀sì tó ń lọ lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí ìwọ̀n bá ti dé 2, kánnúlà náà ti gbọ́dọ̀ kúrò. Èyí tí kò bá wúlò mọ́ kò tilẹ̀ yẹ kó dúró de àmì. Kánnúlà tí a fi sílẹ̀ "nítorí bóyá" ni ó rọrùn jù láti yọ, òun náà ni a sì máa ń gbàgbé jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore

Ní 2001, Peter Pronovost, dókítà ní ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore, to àwọn ìgbésẹ̀ tó yẹ kí dókítà tẹ̀ lé nígbà tó bá ń ki rọ́bà bọ iṣan ńlá sórí ìwé kan. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì ICU, wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, kàn máa wo àwọn dókítà fún oṣù kan. Nínú aláìsàn mẹ́ta, ó lé ní ẹyọ kan tí dókítà fo ó kéré tán ìgbésẹ̀ kan lára rẹ̀. Kò sí àṣírí nínú àwọn ìgbésẹ̀ náà. Ìlànà tó ti ibẹ̀ dàgbà kò ju márùn-ún lọ: fọ ọwọ́, fi chlorhexidine fọ awọ, wọ fìlà, ìbòjú, ẹ̀wù àti ìbọ̀wọ́, kí o sì fi aṣọ mímọ́ bo aláìsàn, yẹra fún iṣan itan bí ó bá ṣeé ṣe, yọ rọ́bà tí kò wúlò mọ́.

Nígbà náà ni àwọn aláṣẹ ọsibítù fún nọ́ọ̀sì ní àṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. Wọ́n tún rí i pé kí dókítà tó kó ohun èlò jọ, yóò yà sí ibi tó tó mẹ́jọ. Ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Ní 1998, àkóràn 11 ni wọ́n ń rí nínú ọjọ́ 1,000 tí rọ́bà fi wà nínú iṣan aláìsàn. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn 2002, òdo ni.

Àwọn kan sọ pé Johns Hopkins lówó, kò lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n gbé e lọ sí Michigan, sí ICU 103, tí àwọn kan lára rẹ̀ wà ní ọsibítù tálákà ní Detroit. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá 2006. Bí a bá to gbogbo àwọn ICU náà tẹ̀ léra, èyí tó wà ní àárín gbùngbùn ní àkóràn 2.7 nínú ọjọ́ 1,000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó di òdo, òdo náà ló sì wà lẹ́yìn oṣù 18. Ohun tí àwọn aláṣẹ Michigan rí nígbà tí wọ́n dé wọ́ọ̀dù ni pé ọ̀pọ̀ ICU kò tilẹ̀ ní chlorhexidine. Ẹni tó ní ìwé ìsanwó lọ́wọ́ nìkan ló sì lè tún un ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá nìyí. A kọ́ ọmọ wa pé àgbà kì í jẹ̀bi ní gbangba. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ rí i pé ọwọ́ kọ̀ǹsọ́tántì kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tó wọ ìbọ̀wọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n lè ní, "Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́?" Ó bá dákẹ́. Aláìsàn ni yóò san owó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Àṣà kan náà sì ní oògùn rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọdé fi ń tọ́ àgbà sọ́nà láìtàbùkù rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mú ìbọ̀wọ́ mìíràn wá fún yín, èyí ti kan bẹ́ẹ̀dì." Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì ní ìwọ̀sí. Ohun tó kù ni kí ọ̀gá mátíróònù àti ọ̀gá àgbà ọsibítù ti sọ fún gbogbo dókítà ṣáájú pé bí nọ́ọ̀sì bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ló rán an. Ipò àṣẹ kò ṣàjèjì sí nọ́ọ̀sì wa. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó tó kọ́ iṣẹ́ ní ọsibítù St Thomas' ní London, ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátíróònù ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, ó sì di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ìjọba àpapọ̀.

Ẹnu nìkan kò tó, ṣá o. Níbi tí ará ilé aláìsàn ti ń sáré lọ ra ìbọ̀wọ́ àti kánnúlà níta géètì, nọ́ọ̀sì a máa ṣọ́ ìbọ̀wọ́ kan lò bí ẹni ń ṣọ́ owó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú sì ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Wọ́ọ̀dù tí kò sí ọtí ìfọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò lè dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi pé kò fọ ọwọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì. WHO ti gbé ọ̀nà tí ọsibítù fi lè pò ọtí náà fúnra wọn jáde, kí owó má bàa di àwáwí.

Ibòmíràn tún wà tí àkóràn ń gbà wọlé: omi tí a ń pe ẹni kẹ́místì wá fà sí wa lára nílé nítorí ibà tàbí àárẹ̀. Omi iyọ̀ kì í fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀. Lítà kan omi ṣúgà ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ju 50 gíráàmù ṣúgà lọ. Ẹni tó lè mu omi, tí kò sì bì, ẹnu ni kó gbà á, nítorí pé ẹnu kò nílò abẹ́rẹ́.

Fún ará ilé tó jókòó ti aláìsàn, iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Kí wọ́n fọ ọwọ́. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ìdè omi tàbí ẹnu kánnúlà. Bí aláìsàn bá ní ibẹ̀ ń ta òun, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sọ pé yóò rọlẹ̀. Lówùúrọ̀, kí wọ́n bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Sísítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé a ṣì nílò kánnúlà yìí?" Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Fún àwọn tó ń darí ọsibítù, nǹkan mẹ́ta ló pọn dandan. Kí wọ́n kó ohun èlò sójú kan, kó tó gbogbo wọ́ọ̀dù. Kí wọ́n máa ka iye àkóràn, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti máa rí i. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, pé nọ́ọ̀sì tó bá dá iṣẹ́ dúró nítorí ààbò aláìsàn kò ní jìyà rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ gba owó àti àkókò. Ẹ̀kẹta kò gba kọ́bọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọsibítù kò tíì ṣe.